Ọwọ́ Ọ̀tún Jimoh

Nígbà tí akódà Ajẹ́lẹ̀ gun òkè dé Ìwàrò ní Ọ̀kà, kò jókòó, kò sì gba omi mu. Ó dúró síwájú ilé Abọ́dẹrìn, olórí àdúgbò, ó na ọrùn bí àkùkọ, ó ké e síta pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ọmọkùnrin kan sílẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò ní àbùkù lójú, lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn lọ sí Ìkàrẹ́. Ìgbà tó ti yí ẹ̀yìn padà tán ló rántí pé òun kò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ni. Ó sọ ọ́ fẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, ó sì gba àdúgbò kejì lọ.

Ẹ má fi àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n lé Tápà kúrò nílẹ̀ Àkókó, àwọn àgbà tó jókòó sí iwájú ilé Abọ́dẹrìn lọ́jọ́ náà sì ti rí irú akódà bẹ́ẹ̀ rí. Ọdọọdún ni ìránṣẹ́ Tápà ń wá láti Bídà nígbà náà. Ibi tí akódà dúró sí gan-an ni òun náà ń dúró sí, ohun kan náà ló sì ń bèèrè: ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí kò ní àbùkù. Wọ́n á ya ọmọ lẹ́nu wo eyín. Wọ́n á ní kó na ọwọ́ ọ̀tún, kó di í, kó tú u. Ọmọ tí wọ́n bá kó lọ, a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á fò sẹ́yìn. Ta ni yóò wá sọ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pé okùn lásán ni èyí? Akódà tí wọ́n rán kò ráyè.

Mọ́júbọ́lá, opó àbúrò Abọ́dẹrìn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ tó ń tiro ni. Ọmọ Ikaram ni obìnrin yìí, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ wá sí Ọ̀kà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tí Tápà ń bọ̀, ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ìtì igi, ó sì fi àdá gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Nígbà tí Tápà dé, tó wo ẹsẹ̀ náà, ó tutọ́ sílẹ̀, ó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó lẹ́wà, tí ara rẹ̀ pé, ni wọ́n mú. Mọ́júbọ́lá kò bínú sí ìyá rẹ̀ rí. Bí àwọn ọmọdé bá ń sín ìtiro rẹ̀ jẹ, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Yèyé mi ló fẹ́ràn mi tó báyìí." Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn, ó gbà á gbọ́ bó ṣe gbà pé iṣu a máa ta.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún ọkọ rẹ̀ kí ibà tó pa á, Jimoh ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá rí eérú, á fi ìka ya ewúrẹ́ sí i. Bó bá rí ilẹ̀ tó tutù, á fi igi ya adìẹ, àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Ewúrẹ́ rẹ̀ a máa jọ ewúrẹ́ débi pé èèyàn á mọ ilé tí ó ti jáde.

Abọ́dẹrìn náà ní ọmọ tó tó Jimoh, Badmus, ọmọ ìyàwó rẹ̀ Limota. Ṣùgbọ́n a kì í rí ìdí ọmọ ẹni bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn àgbà jókòó, tí kálukú ń wo ilẹ̀, Abọ́dẹrìn wú ikọ́. Ó ní bí wọ́n bá mú ọmọ tó ní baba, baba á sunkún, ìyá á sunkún. "Jimoh kò ní baba tí yóò sunkún rẹ̀," ni ó wí. "Ẹkún ẹnì kan la máa gbọ́." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbọ́n. Wọ́n sì fọ́n ká kíákíá kí ó má baà yí ọkàn padà.

Limota ló mú ọ̀rọ̀ náà wá bá Mọ́júbọ́lá, pẹ̀lú iṣu mélòó kan lórí. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe epo pupa ni, wọ́n jọ ń gún eyìn nínú ẹkù kan náà. Ó jókòó tì í, ó nu ojú tí kò tutù, ó ní, "Mú un mọ́ra, ìyàwó. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìwọ náà á tún ọkọ mìíràn fẹ́, wàá bí òmíràn."

Mọ́júbọ́lá kò sunkún. Ó gba iṣu, ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Inú rẹ̀ ti ń ṣírò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà ni, báwo ni yóò ṣe máa gun òkè Ọ̀kà lọ sóko? Bó bá sì jẹ́ ojú, ta ni yóò lè ṣe ojú ọmọ báyẹn? Ọwọ́ ló kù. Tápà kì í sì í wo ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí ń di ọkọ́ mú, ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ nà. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe máa ń yan ẹrú nìyẹn, òun mọ̀ ọ́n, wọ́n yan ẹrú lójú òun.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, ó mú Jimoh dání lọ sí ẹkù láàárọ̀. Ó da epo sínú ìkòkò, ó kó igi sí i títí epo fi ń hó. Ó ní kí ọmọ náà wá bá òun wo inú rẹ̀. Ọmọ náà wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tẹ ara síwájú. Ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì tì í bọ inú epo.

Igbe tí Jimoh ké, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè gbọ́ ọ. Mọ́júbọ́lá kò tètè fà á jáde. Ó mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé awọ nìkan ló bó, yóò san, ọwọ́ á tún padà di ọwọ́, wọn á sì mú un lọ. Ó dúró dè é. Omi ń já lójú rẹ̀ wọ ẹnu, ó ń wí léraléra pé, "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Ọmọ mi, wọn ò ní mú ọ." Nígbà tó fà á jáde, ọmọ náà ti dákú. Ó wá fi igbe ta, ó ní epo dànù sí ọmọ òun lọ́wọ́ o, ẹ gbà mí o. Gbogbo ilé sáré dé, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n fi ewé dì í. Wọ́n ní ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni. Limota nìkan ló wo ìkòkò epo náà, tó rí i pé kò dojú dé, tí ohunkóhun kò dànù nílẹ̀. Ó wo Mọ́júbọ́lá lójú.

Ẹni tó wá kó àwọn ọmọ kò gun ẹṣin, kò sì mú okùn dání. Tíṣà ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, Clement ni wọ́n ń pè é; ó wọ bàtà, ó gbé síléètì sí abíyá. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ìlú jọ, tọkùnrin tobìnrin, ó sì ṣe ohun tí akódà ì bá ti ṣe: ó sọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ní ti gbogbo ayé ni, kì í ṣe ti ọmọ olóyè, kì í ṣe ti ọmọ ìjọ kan. Ó ní ìdí rẹ̀ ni kí ọmọ Àkókó lè ka ohun tí wọ́n bá kọ nípa Àkókó, kó lè kọ èsì rẹ̀, kó lè wo aláìsàn, kó lè jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ó sì padà wá sílé wá tún ìlú rẹ̀ ṣe. "A kò gbà wọ́n lọ́wọ́ yín," ni ó wí. "Ẹ yá wa ni. Bí iṣu tuntun bá jáde, wọ́n á wá jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu olè. Ta ni Tápà kò bá sọ̀rọ̀ dídùn rí?

Jimoh nìkan ló gbà á gbọ́. Ó jókòó síwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ewé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára síléètì. Clement fi ẹfun ya nǹkan sí i, ó nà án sí àwọn ọmọ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Jimoh na ọwọ́ tó kù fún un. Kí ó tó kàn án, ìyá rẹ̀ ti gbá ọwọ́ náà dànù.

"Ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò? Ta ló kọ́ ọ?"

Nígbà tó kan àdúgbò wọn, Abọ́dẹrìn ti Jimoh síwájú. Clement tú ewé náà díẹ̀, ó sì tètè dì í padà. Àwọn ìka ti so pọ̀ mọ́ra wọn bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó jóná. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ. Èyí kò lè lọ." Mọ́júbọ́lá tẹ orí ba kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀. Abọ́dẹrìn wá ń wò yíká, ó ń wá ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yarí pátápátá. Wọ́n ní ilé rẹ̀ ló sọ pé ọmọ yóò ti jáde, ilé rẹ̀ náà ni kó ti jáde. Wọ́n mú Badmus.

Limota fi ara yílẹ̀ títí aṣọ fi bọ́. Ó fá orí, ó kó aṣọ ọmọ rẹ̀ dànù sínú igbó bí ti òkú. Mọ́júbọ́lá lọ kí i. Ó jókòó tì í, ó ní, "Ẹ mú un mọ́ra, yèyé Badmus. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tù ú nínú, òun náà rí ibi dá a padà sí. Nígbà tó yí kọ́nà, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn jó. Ó jó dé ilẹ̀kùn. Ó sun iṣu fún ọmọ rẹ̀, ó bu ú sí i lẹ́nu, nítorí ọmọ náà kò tíì lè fi ọwọ́ jẹun.

Iṣu tuntun jáde, Badmus sì dé.

Ó dé lọ́sàn-án gangan, òun àti àwọn ọmọ àdúgbò yòókù, wọ́n ń kọrin bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ó sanra. Ó wọ kakí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀, ó dìde, ó mú síléètì lábíyá, ó kọ orúkọ Abọ́dẹrìn sí i, ó sì kà á fún un. Àgbàlagbà náà ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Abọ́dẹrìn bú sẹ́kún níwájú ilé. Limota, tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lórí rẹ̀, kò lọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà Mọ́júbọ́lá ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọmọ mi tó kú ti dé o," ni ó wí. "Èyí tí ìwọ fi pamọ́ dà? Ní kó jáde wá kọ orúkọ baba tiẹ̀, ká rí i." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo wo ìkòkò yẹn, Mọ́júbọ́lá. Epo kò dànù."

Mọ́júbọ́lá padà sínú ilé, ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó sùn. Ọjọ́ náà ni ó tó mọ ohun tó ṣe. Kì í ṣe àánú ló ṣe é, inú ló bí i: ó bínú sí akódà, ó bínú sí Òyìnbó, ó bínú sí tíṣà tó ń sọ òótọ́ pẹ̀lú ohùn òpùrọ́. Ó bínú sí gbogbo wọn tán kí ó tó kan ara rẹ̀, ìgbà tó sì kan ara rẹ̀ kò rí ibi sá sí.

Ní gbogbo ìgbà tí Badmus fi wà nílé, Jimoh kò fi í sílẹ̀. Lójú ilẹ̀ ẹkù ni wọ́n ń jókòó sí. Badmus á kọ lẹ́tà sílẹ̀, Jimoh á kọ ọ́ tẹ̀lé e, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń ya ewúrẹ́, kí ni yóò ṣòro fún un nínú álífábẹ́ẹ̀tì? Kí Badmus tó padà lọ, Jimoh ti ń kọ orúkọ gbogbo ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde, ó fọ ojú, ó ní, "Yèyé, ẹ mú mi lọ sí Ìkàrẹ́."

Wọ́n lọ. Mọ́júbọ́lá ru iṣu ẹ̀bùn fún tíṣà, ó ń tiro níwájú, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí wọ́n ṣáà gba ọmọ yìí wọlé, kí ohun tí òun bàjẹ́ má baà bàjẹ́ tán.

Ilé gbọọrọ kan tí wọ́n fi koríko bò ni ilé ẹ̀kọ́ náà, kò jìnnà sí ọjà Ìkàrẹ́. Clement dá wọn mọ̀. Ó bi Jimoh bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó gbé síléètì fún un, ó ní kó kọ ohun tó bá mọ̀. Ẹfun náà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ náà. Ó mú un, ó tún bọ́. Àwọn ọmọ inú ilé ń rẹ́rìn-ín. Jimoh wá fi ọwọ́ òsì mú ẹfun, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ti ìyá rẹ̀, ó kọ Ọ̀kà, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tí ń kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Clement mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún rẹ́.

"Ìyá, n kò lè gbà á," ni ó wí. "Àwọn tí mò ń kọ́ níbí, iwájú ọba àti ìjòyè ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ ọba sílẹ̀, tó fi ọwọ́ òsì na ìwé sí i, wọ́n á ní ó bú ọba. Ẹ̀yin náà gbá a lọ́wọ́ lójú mi. Bí àwọn òbí bá rí irú rẹ̀ kan níbí, wọ́n á kó ọmọ wọn kúrò, ilé ẹ̀kọ́ á tú."

Mọ́júbọ́lá kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní ti gbogbo ayé ni."

"Ti gbogbo ayé ni." Clement ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Èyí tí kì í ṣe ìkà yìí ló ń pani jù. Ó wá ronú, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ ṣoore. "Ẹni tó ń pọnmi fún wa ti lọ. Bó bá lè ru omi, tó lè gbá ilẹ̀, tó lè fọ aṣọ mi, ó lè máa gbé ọ̀dọ̀ wa. A ó fún un lóúnjẹ. Kò ní wọ inú kíláàsì, ṣùgbọ́n ó lè máa jókòó sí abẹ́ fèrèsé bí iṣẹ́ bá ti tán."

Mọ́júbọ́lá dìde nílẹ̀. Ohun tí ó ti ń sá fún láti ìgbà tí wọ́n ti gé e lọ́mọ ìka ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, ó wọ bàtà, ó ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó di ọmọ rẹ̀ ní èjìká mú, ó ń fà á sí ọ̀nà ilé. "Ulé yá," ni ó wí. "Ulé yá, ọmọ mi. Éè ṣe ilé ẹ̀kọ́ lèyí. Ẹrú ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe."

Jimoh kò mira. Ó gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè. Ó bèèrè bí ọmọdé ṣe máa ń bèèrè ohun tí kò yé e.

"Yèyé, àwọn tó ń mú èèyàn lẹ́rú yẹn, ṣé wọ́n máa ń ti ọwọ́ ọmọ bọ epo?"

"Rárá," ni Mọ́júbọ́lá wí.

"Ṣé wọ́n máa ń gé èèyàn lọ́mọ ìka?"

"Wọn kì í gé e."

Ọmọ náà ronú sí i. Ó yọ èjìká rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dun ẹnikẹ́ni. "Ẹ máa lọ sílé," ni ó wí. "Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ wà."

Ìkòkò omi wà lẹ́bàá ògiri. Ó lọ gbé e, ó tì í sórí pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó bi Clement pé ọ̀nà odò dà. Clement nàka sí i. Nínú ilé, àwọn ọmọ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké ẹ̀kọ́ wọn lóhùn kan, Badmus wà láàárín wọn, ohùn rẹ̀ ló ròkè jù. Mọ́júbọ́lá dúró títí ọmọ rẹ̀ fi yọ padà láti odò, omi ń ṣàn sí i lọ́rùn. Ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ń sọ àwọn lẹ́tà náà tẹ̀lé wọn lábẹ́ ètè, ó sì lọ gbé omi kalẹ̀ níbi tí wọ́n ní kó gbé e sí.

Obìnrin náà gbé iṣu rẹ̀ padà sórí. Nígbà tó dé Ìwàrò, tí Abọ́dẹrìn bi í léèrè pé Jimoh dà, ó ní wọ́n ti mú un.